Nígbà Tí Ẹ̀rọ Ìpakà Bá Dákẹ́ ní Nimbo

Iṣẹ́ ẹbí wa kì í gbà ju oṣù mẹ́rin lọ nínú ọdún, síbẹ̀ òun ni a fi ń jẹun ní oṣù méjèèjìlá. A ní ẹ̀rọ ìpakà kan, èyí tí àwọn ará Bouaké ń pè ní batteuse. À ń gbé e láti oko dé oko, a ó bá àgbẹ̀ pa ìrẹsì rẹ̀, a ó gba ẹ̀tọ́ wa, a ó sì kọjá sí oko mìíràn. Nígbà tí ìrẹsì bá pọ́n, ilé wa kì í sùn. Nígbà tí ó bá tán lóko, fóònù á dákẹ́, ẹ̀rọ á dákẹ́, àwa náà á jókòó sí àgbàlá wa ní àdúgbò Nimbo, a ó máa wojú ara wa. Àwọn ará ilé tó bá wá kí wa láti Nàìjíríà máa ń béèrè nípa ìkórè: eruku rẹ̀, ariwo rẹ̀, iye àpò tí à ń pa lójúmọ́. A ò tíì rí ẹni tó béèrè nípa oṣù mẹ́jọ tó kù. Àwọn oṣù yẹn gan-an ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn fún yín, nítorí inú wọn ni iṣẹ́ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ̀jìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni bàbá wa ti wá. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀jìgbò kò ní béèrè ohun tó gbé wọn dé Côte d'Ivoire. Ó ṣòro kí a rí agboolé kan níbẹ̀ tí kò ní ẹnì kan ní Abidjan tàbí ní Bouaké. Bọ́ọ̀sì ń gbéra láti Ẹ̀jìgbò, á gba Cotonou, Lomé àti Accra kọjá, á sì já èrò sí Abidjan. Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá níbí, òwò ni wọ́n sì mọ̀ wá mọ́. Ìyá wa náà ń ṣòwò. Àwo àti ike ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ní ìsọ̀ nínú ọjà ńlá Bouaké títí iná fi jó ọjà náà ní 1998. Bàbá wa ní tiwọn ń tún ẹ̀rọ ọlọ ṣe. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, tí Bouaké bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, tí báǹkì tì, tí ọ́fíìsì ìjọba tì, a kó ẹrù díẹ̀, a sì padà sílé. Lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní Ouagadougou ní 2007 ni a tó padà wá. Àwọn kan nínú wa ti gbàgbé Faransé, àwọn kan ò tíì gbọ́ ọ rí.

Ọdún tó tẹ̀lé e, ìyẹn 2008, ni ìrẹsì gbówó lórí káàkiri àgbáyé, tí àwọn ènìyàn jáde sí ìgboro Abidjan láti fẹ̀hónú hàn nítorí oúnjẹ tó wọ́n. Gbogbo ènìyàn ń kígbe, bàbá wa ń ronú. Wọ́n ní bí ìrẹsì tó ń ti Éṣíà wá bá wọ́n báyìí, àwọn àgbẹ̀ ibí á gbin tiwọn sí i, ẹni tó bá sì gbìn ín gbọ́dọ̀ pa á. Àyíká Bouaké kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Ní M'bé, lẹ́yìn ìlú lápá àríwá, ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àjọ ADRAO ti ṣe irúgbìn NERICA, tí wọ́n so ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Éṣíà pọ̀ di ọ̀kan. Monty Jones, ọmọ Sierra Leone tó ṣáájú iṣẹ́ náà, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2004. Ogun ti lé àjọ náà lọ sí Cotonou nígbà tí a fi padà dé, ṣùgbọ́n àkùrọ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀.

Owó àjọ ìyá wa ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ náà, kì í sì í ṣe tuntun. ASI ni irú rẹ̀ ń jẹ́. Senegal ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní àwọn ọdún 1990, lẹ́tà mẹ́ta yẹn sì dúró fún àwọn àjọ mẹ́ta tó pawọ́ pọ̀ ṣe é: ADRAO, SAED àti ISRA. Ohun tí bàbá wa fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kò ní àṣírí kankan. Àgbá onírin kan wà nínú rẹ̀ tó ní eyín yí ká, ẹ́ńjìnnì dísù kékeré ń fi bẹ́líìtì yí i. Ìrẹsì á gba ẹnu rẹ̀ wọlé pẹ̀lú koríko, hóró á jáde lápá kan, koríko á fò jáde lápá kejì. Wẹ́dà tó bá mọ iṣẹ́ lè fi irin inú ọjà ṣe òmíràn. Ènìyàn mẹ́fà ni iṣẹ́ náà ń gbà: ẹni méjì á máa gbé ìrẹsì tí àgbẹ̀ ti fi dòjé gé wá, ẹnì kan á máa fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹnì kan á máa kó hóró, ẹnì kan á máa fẹ́ ẹ, ẹnì kan á máa kó koríko kúrò lọ́nà. Ẹni tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ni ọ̀gá. Bí ó bá fi sí i jù, ẹ̀rọ á há. Bí ó bá fi sí i dín, dísù á máa jó lásán. Àbúrò wa ọkùnrin ló mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ nínú wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Owó kọ́ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń san wá. Bí a bá pa àpò mẹ́wàá, wọ́n á fún wa ní ọ̀kan. Ìdí nìyí tí yàrá kan nínú ilé wa fi jẹ́ yàrá ìrẹsì, òun sì ni báǹkì wa. Ìkórè ńlá bọ́ sí oṣù kọkànlá àti ìkejìlá. Níbi tí wọ́n ti ń fa omi ìsédò sí oko, bí i M'bé àti Lokapli ní Sakassou, wọ́n tún máa ń kórè ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún di oṣù kọkànlá. Bí a bá kó àpò wọlé, bàbá wa á tú u sórí tapólì nínú oòrùn, wọ́n á máa fi eyín gé hóró wò. Bí ó bá ké pọ́, ó ti gbẹ. Àwọn onímọ̀ ní kí omi inú rẹ̀ má ju ìdá 14 nínú 100 lọ kí a tó kó o pamọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bu. Eyín bàbá wa kì í sábà tàsé. Láti ọjọ́ náà lọ, ìyá wa ló ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá. Àpò kan á jáde fún oúnjẹ, òmíràn fún owó ilé, òmíràn fún dísù ìkórè tó ń bọ̀. Nígbà tó bá fi di oṣù kẹjọ, a ti ń rí ògiri tó wà lẹ́yìn àpò. Ní oṣù kẹsàn-án, ilé-ẹ̀kọ́ á wọlé.

Àwọn tí kò mọ̀ rò pé a kàn ń sùn ni. Bàbá wa ò gbà bẹ́ẹ̀. Tí ó bá ti di agogo méje àárọ̀, kálukú gbọ́dọ̀ ti wẹ̀, kí ó sì wà nídìí ẹ̀rọ lábẹ́ igi máńgòrò, kódà bí kò bá sí nǹkan ṣe. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkórè wà fún ìmọ́tótó. Hóró tó há sí kọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni eku ń wá jẹ, bí eku bá sì dé, bẹ́líìtì ló máa fi ń ṣe àjẹkún. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó tú bẹ́líìtì kúrò, a ó fa dísù inú táǹkì tán, a ó pààrọ̀ ọ́ìlì, a ó fi gírísì sí gbogbo ibi tí irin ti ń yí lórí irin. Eyín inú àgbá ló ń gba àkókò jù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó ti jẹ, wẹ́dà á fi irin kún un, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wúwo bákan náà, nítorí àgbá tí apá kan rẹ̀ wúwo ju èkejì lọ á máa gbọ̀n títí á fi ba bíárìn jẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ló ń mójú tó ìyẹn. Ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, a ó da dísù díẹ̀ sí i, a ó yí i kí ó ké fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá àgbà kan ní ilé kejì sọ fún wa pé òun ni òun fi ń mọ̀ pé Sátidé dé.

Ohun kejì tí à ń ṣe ni pé a kì í jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ gbàgbé wa. Kò sí ìwé àdéhùn nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá sí àgbẹ̀ lọ́kàn ní ọjọ́ tí ìrẹsì rẹ̀ pọ́n ni yóò pè. Nítorí náà, ìgbà tí kò síṣẹ́ ni ìgbà ìkíni. Bí ènìyàn bá kú ní abúlé, a ó lọ. Bí wọ́n bá bímọ, a ó lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni Paquinou, ìyẹn ọdún Àjíǹde bí àwọn Baoulé ti ń ṣe é. Baoulé tó wà ní Abidjan àti níbi gbogbo á padà sí abúlé rẹ̀, wọ́n á parí ìjà ẹbí, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, wọ́n á jó. Àwa náà á pín ara wa sí méjì-méjì, a ó wọ abúlé. Ìyá wa á di ike ìpọnmi dání fún àwọn ìyá ilé. "Akwaba," wọ́n á kí wa, wọ́n á gbé àga àti omi wá. Ẹni kankan ò ní béèrè ohun tí a bá wá títí a ó fi mu omi náà tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó béèrè ìròyìn. Bàbá wa fẹ́ràn àṣà yìí púpọ̀, wọ́n ní bí àwọn àgbà Ẹ̀jìgbò ti ń ṣe ní kékeré àwọn nìyẹn. Kì í sì í ṣe nítorí òwò nìkan ni a fi ń lọ mọ́. Àwọn kan lára àwọn àgbẹ̀ yìí ti di ará ilé wa. Nígbà tí ìyá wa ṣàìsàn, iṣu láti abúlé wọn ni a jẹ fún oṣù kan gbáko.

Ìdúró mìíràn tún wà, èyí tó ń bọ́ sí àárín ìkórè gan-an. Ìrẹsì á ti wà nílẹ̀, ẹ̀rọ á ti wà lóko, òjò á dé. Koríko tó tutù a máa wé mọ́ àgbá bí okùn, a ò gbọdọ̀ pa á. A ó fi tapólì bo ìrẹsì, àwa náà á kó sábẹ́ tapólì kejì, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́ta. Oúnjẹ ń tán, àgbẹ̀ ń wojú wa, àwa ń wojú ọ̀run. Ìbátan wa kan tó ń gbé ní Texas sọ fún wa lórí fóònù pé irú iṣẹ́ wa wà lọ́hùn-ún, àfi pé àlìkámà ni wọ́n ń kórè. Tọkọtaya pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn á kó ẹ̀rọ ìkórè ńláńlá sórí ọkọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní Texas ní oṣù karùn-ún, wọ́n á máa tẹ̀lé àlìkámà bí ó ti ń pọ́n lọ sí apá àríwá, Oklahoma, Kansas, Nebraska, títí dé Montana. Inú ilé onítáyà ni wọ́n ń sùn. A béèrè pé bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Ó ní wọ́n á jókòó sínú ilé onítáyà náà, wọ́n á fọ aṣọ, wọ́n á tún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n á sì máa bá ara wọn jà. Bàbá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Áà, àwọn òyìnbó náà ń jà!"

Àwa náà ń jà, a ò ní purọ́. Ẹni tó ti bá ẹbí rẹ̀ jókòó lójú kan fún oṣù mẹ́rin láìsí owó tó ń wọlé mọ̀ pé ẹran kan ṣoṣo nínú ọbẹ̀ lè dá ogun sílẹ̀. Ìyá wa ti mọ oògùn rẹ̀: kí oúnjẹ dín kù láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ ní ìparí. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù keje ni ẹran ti ń di ẹja gbígbẹ, tí attiéké ọ̀sán ń di gàrí. Ìyàwó wa, ìyẹn ìyàwó ẹ̀gbọ́n àgbà, ò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nítorí àpò ìrẹsì ṣì kún yàrá. Òun ló wá ń ṣírò rẹ̀ báyìí, ó sì le ju ìyá wa lọ.

Ohun kan wà tí ìgbà ìdúró ń fún wa tí ìkórè kò lè fún wa. Lóko, Baoulé àti Faransé là ń fi pariwo lórí ẹ́ńjìnnì, Dioula là ń sọ lọ́jà. Yorùbá kì í ráyè. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wa méjèèjì, tí wọ́n bí síbí, a máa fi Faransé dáhùn bí ìyá àgbà bá pè wọ́n. Nítorí náà ìyá wa ṣòfin: ní gbogbo oṣù tí kò síṣẹ́, láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìgbà tí a bá sùn, ẹni tó bá sọ Faransé ni yóò fọ abọ́. Bàbá wa náà ti fọ abọ́ rí, nítorí wọ́n bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àsìkò yẹn ni àlọ́ Ìjàpá, àsìkò yẹn ni a ń ka oríkì ilé. Ní alẹ́ kan, èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni pé Yorùbá ní ìkíni fún gbogbo nǹkan. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí wá ni à ń kí ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ tí kò rí iṣẹ́ ṣe? Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá wa ní, "Ẹ kú ojú lọ́nà ni." Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ọmọ bá jí, wọ́n á lọ kúnlẹ̀ sídìí igi máńgòrò: "Ẹ kú ojú lọ́nà, bàbá." Bàbá wa á dáhùn pẹ̀lú ojú tó le bí ẹni tó ń gba àlejò láàfin.

Ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ wá le. Ìkórè oṣù kẹfà kò dára fún wa. Ẹ̀rọ ńlá kan ti wọ àwọn oko gbẹrẹgẹdẹ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tó ń gé ìrẹsì tó sì ń pa á lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí àwa ń fi ọjọ́ kan ṣe, ó ń ṣe é kí oòrùn tó kan àtàrí. Kò lè wọ àkùrọ̀ kéékèèké tó tutù, á rì, nítorí náà àwọn yẹn ṣì jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n oko ńlá méjì tí a máa ń fọkàn tẹ̀ ti lọ. Àpò tó wọ yàrá kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi máa dé, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ méjì wà nílẹ̀, owó ilé wà nílẹ̀, ìyá wa sì ti ń fi owó ọjà ra oúnjẹ. Ọkùnrin kan wá láti ìlú mìíràn, ó yẹ ẹ̀rọ wa wò yíká, ó ní òun á san 700,000 sẹ́fà. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn wá. Kò sẹ́ni tó ń wá ra ẹ̀rọ ìpakà ní oṣù kọkànlá.

A jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo àgbà ilé. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí a tà á, ṣùgbọ́n kí a tú ẹ́ńjìnnì kúrò lára rẹ̀, kí a so ó mọ́ ẹ̀rọ tí ń lọ gbágùúdá. Àwọn obìnrin tó ń ṣe attiéké ní àdúgbò ń rìn jìnnà lọ lọ gbágùúdá wọn, wọ́n á wá sọ́dọ̀ wa. Bàbá wa ò jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀.

"Ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá fi lọ gbágùúdá ní oṣù kẹsàn-án, òun náà ni ẹ ó gbé lọ M'bé ní oṣù kọkànlá? Omi gbágùúdá ń jẹ irin. Bí ó bá dákẹ́ lórí ìrẹsì olóko, ta ni yóò tún pè wá?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ kì í jẹun. Àwa là ń jẹun."

Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló jẹ́ òtítọ́, ìdí nìyí tó fi le. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo la ní. Bí ó bá sinmi, ebi á pa wá kí ìkórè tó dé. Bí ó bá ṣiṣẹ́, ó lè má sí ẹ́ńjìnnì nígbà tí ìkórè bá dé. A sọ ọ́ síwá sẹ́yìn títí ohùn fi ga, tí àwọn ọmọ fi jí. Àbúrò wa ọkùnrin ní kí a kúkú tà á, kí kálukú wá ọ̀nà tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìyá wa dìde, wọ́n lọ mú ìwé kékeré kan wá láti yàrá. Gbogbo ohun tí a jẹ láti oṣù keje ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ sí ọjọ́, pẹ̀lú iye tó jáde láti inú owó ike. Wọ́n kà á sí wa létí láìgbóhùn sókè. Wọ́n ní àwọn ti jẹ ọjà àwọn dé ìdajì, àwọn kò sì ráhùn. "Ṣùgbọ́n owó àjọ mi ló ra irin yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tà á, kí ó kọ́kọ́ san àjọ mi padà." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, a ò mọ ẹni náà títí dòní, gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe parí rẹ̀ nìyí. Ẹ́ńjìnnì á lọ gbágùúdá, ṣùgbọ́n kò ní ju wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọ́. Ẹ̀gbọ́n àgbà nìkan ni yóò máa yí i. Wọ́n á gbé e jìnnà sí ibi tí omi gbágùúdá ń ṣàn sí, bẹ́líìtì gígùn ni yóò wà láàárín wọn. Wákàtí tó bá ṣiṣẹ́ á wọ inú ìwé ìyá wa, bí ó bá sì ti pé 100, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ kúrò, ì báà dọ̀la. Nínú owó tó bá wọlé, ìdá kan nínú márùn-ún jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì, nínú agolo mílíìkì kan, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ yá a. Ìparí oṣù kẹwàá, á padà sórí ẹ̀rọ ìpakà. Bàbá wa gbà, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì wọn ò jókòó sí ìdí máńgòrò ní àsìkò tí ó bá ń ké. Ìyẹn dùn wá ju ìjà lọ.

Owó gbágùúdá kò pọ̀. Ó san ìdá méjì owó ilé-ẹ̀kọ́, ó ra oúnjẹ, ìyá wa sì dáwọ́ dúró láti máa jẹ ọjà wọn. A pa ìrẹsì ní M'bé àti láwọn abúlé ọ̀nà Sakassou ní oṣù kọkànlá àti ìkejìlá, ẹ́ńjìnnì ò já wa kulẹ̀. Ní oṣù kìíní ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín dúdú, tí agbára rẹ̀ ń dín kù. Mẹkáníìkì tú u, ó ní òrùka písítìnì ti jẹ. Agolo mílíìkì ló san án. Bàbá wa ò sọ pé "mo sọ bẹ́ẹ̀". Wọ́n kàn gbé òrùka tó ti jẹ náà kọ́ sí ìṣó lára igi máńgòrò, ó wà níbẹ̀ di òní.

Ó ku ti àbúrò wa. Kò dúró de ìpàdé mìíràn. Ó gba ọ̀kadà ẹnì kan, èyí tí wọ́n ń pè ní moto-taxi, tí Bouaké kún fún, ó ń jíṣẹ́ owó fún olówó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìkórè dé, ó ní òun á máa fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá wà lẹ́nu ẹ̀rọ, àpò tí à ń pa á fi mẹ́wàá lé ti ọjọ́ yòókù. Ní ọjọ́ tí kò bá sí, ọ̀dọ́mọkùnrin Baoulé kan tí à ń sanwó fún ló ń rọ́pò rẹ̀, ó ń gbìyànjú, ẹ̀rọ sì máa ń há. A ò lè dá àbúrò wa lẹ́bi. Ọ̀kadà ń fún un lówó ní oṣù kẹjọ, ẹ̀rọ ìpakà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa ti ní kí wọ́n kọ́ òun bí a ṣe ń fi ìrẹsì sẹ́nu ẹ̀rọ. Bàbá wa ò tíì dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ ra ìbọ̀wọ́ kékeré kan.

Oṣù kẹwàá la wà báyìí. Ìyá wa ti bẹ̀rẹ̀ àjọ tuntun fún ẹ́ńjìnnì kejì, kí gbágùúdá àti ìrẹsì má baà máa du ọ̀kan ṣoṣo mọ́. Yóò gbà tó ọdún méjì. Ní àná, àgbẹ̀ kan pè láti Sakassou, òun ni fóònù àkọ́kọ́ fún ìkórè yìí. Bàbá wa béèrè bí ṣírí ìrẹsì rẹ̀ ṣe rí. Ó ní òkè rẹ̀ ti pọ́n, ìdí rẹ̀ kò tíì pọ́n tán. Bàbá wa ní kí ó tún pè ní ọjọ́ mẹ́wàá sí i.